Ẹ jẹ́ kí fóònù wa máa ka àkókò bí Yorùbá ṣe ń kà á

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ kú àìsinmi. Kóòdù kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ jẹun ní Ìbàdàn níbí, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta jẹ mọ́ bí áàpù àti ìkànnì tí wọ́n ní ó gbọ́ Yorùbá ṣe ń sọ iye àkókò fún wa: iye ìṣẹ́jú tó kù kí ọkọ̀ dé, iye wákàtí tó kù kí dátà tán, iye ọjọ́ tó ti kọjá láti ìgbà tí ẹnìkan ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Lójoojúmọ́ ni a ń rí i, tí a sì ń fojú fò ó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá tí ẹnikẹ́ni ń sọ nílé.

Orúnkún ìyá mi ló jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Dókítà ní kí wọ́n máa fi eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀ tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fi áàpù kan sórí fóònù wọn tí yóò máa darí wọn: kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè nígbà mẹ́wàá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún gbé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ojú fóònù kọ ọ́ pé «Sinmi: 1:30». Ìyá mi kà á bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kà láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn ni aago kan ààbọ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, wọ́n jókòó, wọ́n sì sinmi títí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán fi lù. Ohun tí áàpù náà ní lọ́kàn ni ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 90 péré. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n bi mí bóyá bí eré ìdárayá náà yóò ṣe máa gba odidi ọjọ́ nìyẹn. Ojú tì mí gidigidi, nítorí pé èmi náà ti kọ irú 1:30 bẹ́ẹ̀ sójú fóònù àwọn ìyá ẹlòmíràn láìmọye ìgbà, tí n kò sì ronú pé ó lè túmọ̀ sí nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: àsìkò kan lójú aago, wákàtí kan ààbọ̀, tàbí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.

Yorùbá kò ní irú ìdàrúdàpọ̀ yìí rárá. A ní aago fún ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, a ní wákàtí fún bó ṣe pẹ́ tó. Bí ènìyàn bá ní «aago mẹ́ta» àti bí ó bá ní «wákàtí mẹ́ta», ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ pé ohun méjì ni. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tó tún ọ̀rọ̀ ṣe, àwa tí a ń kọ kóòdù la kò lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń lọ nínú ẹ̀rọ fún àwọn òǹkàwé yín tí kì í ṣe ará ìdí iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà kò mọ òwúrọ̀, kò mọ alẹ́, kò mọ ọjọ́ ọjà. Iye ló mọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí a ń lò lónìí ló ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti òru ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, gẹ́gẹ́ bí àkókò àpapọ̀ àgbáyé ṣe wí. Bí ó bá sì fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe pẹ́ tó, yóò yọ iye ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú iye ìparí. Ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ nọ́mbà gbalasa kan, bíi 5,025. Láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ènìyàn, a óò fi 3,600, tí àwọn àgbà ń pè ní ẹgbèjìdínlógún, pín in, nítorí iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú wákàtí kan nìyẹn. A rí wákàtí kan, ó ku 1,425. A fi 60 pín ìyókù, a rí ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún, ó ku 45. Wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún, àti ìṣẹ́jú àáyá márùndínláàádọ́ta. Bí ó bá ti kọjá 86,400, ó ti wọ odidi ọjọ́; bí ó bá ti kọjá 604,800, ó ti wọ ọ̀sẹ̀.

Ìṣirò yìí kò le, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó mọ ìpín dáadáa yóò ṣe é. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Ẹ wo 7,170. Bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ yọ wákàtí kan kúrò, tí ó wá sún ìṣẹ́jú 59 ààbọ̀ tó ṣẹ́kù sí odidi tó súnmọ́ ọn, ohun tí yóò kọ síta ni «wákàtí 1, ìṣẹ́jú 60», èyí tí kò sí nínú aago ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí gbogbo iye náà ṣì wà lódidi ló yẹ kí a sún un, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Èdè kóòdù kọ̀ọ̀kan sì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: bí mo bá sọ fún Python pé kí ó sùn fún 5, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni yóò sùn, bí mo bá fún JavaScript ní 5 kan náà pé kí ó dúró kí ó tó ṣe iṣẹ́ kan, ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan ni yóò kà á sí, kí ojú tó ṣẹ́ ó ti ṣe tán. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n má ṣe fi nọ́mbà àkókò kankan pamọ́ láìkọ òṣùwọ̀n rẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó wà ní odidi ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí yóò fi ku ẹsẹ̀ kan kó dé ojú ènìyàn. Ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan ló yẹ kí a ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá, kí ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dhahran ní ilẹ̀ Saudi Arabia ní ọjọ́ 25 Oṣù Kejì ọdún 1991. Ẹ̀rọ Patriot tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń já ohun ìjà ọ̀tá lulẹ̀ lójú ọ̀run ń ka àkókò ní ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó sì gbọ́dọ̀ yí i padà sí ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó lè ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìdámẹ́wàá kì í parí nígbà tí a bá kọ ọ́ ní òǹkà oníméjì tí kọ̀ǹpútà ń lò, gẹ́gẹ́ bí ìdámẹ́ta kì í ṣe parí nínú òǹkà onímẹ́wàá tiwa, nítorí náà wọ́n gé ìrù rẹ̀ kúrò. Ohun tí wọ́n gé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti wà ní títàn fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún wákàtí, àṣìṣe náà sì ti ń gorí ara wọn títí ó fi tó nǹkan bí ìdámẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ìdámẹ́ta yẹn, ohun ìjà Scud tó ń bọ̀ ti rìn ju ìdajì kìlómítà lọ. Ẹ̀rọ náà wá a sí ibi tí kò sí, ọmọ ogun 28 sì kú. Yíyí àkókò padà láti òṣùwọ̀n kan sí òmíràn ni ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ èdè wa wàyí, nítorí òun ló gbé mi dìde. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ áàpù ń ṣe ni pé wọ́n á kọ gbólóhùn náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á fi àlàfo sílẹ̀ fún nọ́mbà, wọ́n á wá ní kí ẹnìkan túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó yí àlàfo náà ká. Gẹ̀ẹ́sì ní láti mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú jẹ́ ọ̀kan tàbí púpọ̀, kí ó tó mọ bí yóò ṣe kọ ìrù ọ̀rọ̀ náà. Èdè Lárúbáwá ní ẹ̀yà mẹ́fà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Yorùbá kò nílò ọ̀kankan: ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kò yí padà. Unicode Consortium, àwọn tó ń kó irú òfin èdè yìí jọ fún gbogbo ẹ̀rọ ayé, mọ èyí, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ fún Yorùbá nínú ìwé òfin wọn. Síbẹ̀, mo ṣì máa ń rí «àwọn ìṣẹ́jú 5» lójú fóònù, bí ẹni pé ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀hún jẹ́ àlejò tó wọlé wá.

Èyí tó ṣòro jù fún ẹ̀rọ ni ipò tí nọ́mbà ń wà. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: nọ́mbà ń tẹ̀lé ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ogún, a óò ní ogún ìṣẹ́jú, nọ́mbà á sáré bọ́ síwájú. Bí a bá kúrò níbẹ̀, ó tún padà sẹ́yìn, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún, títí a ó fi dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nínú nọ́mbà 1 sí 59, mẹ́rin péré ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn 20, 30, 40 àti 50, àwọn mẹ́rin yìí sì ni ènìyàn ń lò jù bí ó bá ń dá àkókò fún nǹkan. Bí a bá kọ ọ́ ní fígọ̀, kò sí wàhálà, nítorí ojú lè rí «ìṣẹ́jú 30» kí ẹnu fúnra rẹ̀ tún un tò sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn tí fóònù ń kàwé fún, àwọn afọ́jú àti àwọn àgbàlagbà tí kò kàwé. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni «ìṣẹ́jú ọgbọ̀n», nígbà mìíràn «ìṣẹ́jú eéjì», nítorí pé ẹni tó kọ kóòdù náà kò mọ̀ pé oókan, eéjì, ẹẹ́ta ni a fi ń ka owó sílẹ̀, kan, méjì, mẹ́ta ni a fi ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ orúkọ.

Òǹkà wa fúnra rẹ̀ kò ṣòro fún ẹ̀rọ tó bí àwọn kan ṣe ń sọ. Mo ti kọ ọ́, kò gba ojú ìwé kan. Bí nọ́mbà tó kẹ́yìn bá jẹ́ 1 sí 4, a óò fi lé orí ẹ̀wá tó ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 5 sí 9, a óò fi dín ẹ̀wá tó ń bọ̀. Mẹ́rìnlélógójì ni 44, márùndínláàádọ́ta ni 45. Mọ́kànlá títí dé mẹ́rìnlá ní ìrísí tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, a kàn ní láti kọ àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀. Inú mi dùn gan-an ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ sọ «ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlọ́gọ́ta» fún mi láìṣìnà. Bàbá tó kọ́ mi ní òǹkà nílé ìwé, tí ó máa ń fi pàṣán tọ́ka sí pátákó, kì bá gbọ́ ọ kí ó ní àtúnṣe kankan.

Ààbọ̀ tún wà níbẹ̀. Kò sí Yorùbá kan tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ «wákàtí kan àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú» bí ohun mìíràn kò bá fà á; wákàtí kan ààbọ̀ ni yóò sọ. Nítorí náà, bí 5,400 bá dé ọ̀dọ̀ kóòdù mi, tí ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí bá jẹ́ 1,800 géérégé, ààbọ̀ ni yóò kọ. Bákan náà ni 90 ṣe ń di ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Mo ti gbìyànjú láti fi «ku» kún un, kí 10,500 lè di «wákàtí mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún», nítorí ó bá bí a ṣe ń fi dín kà mu, ṣùgbọ́n mo yọ ọ́ kúrò. Ojú aago ni «ku» ń gbé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò máa wo aago mẹ́ta, a óò sì tún padà sí ọ̀ràn orúnkún ìyá mi.

Orúkọ ìṣẹ́jú àáyá gan-an ní ìṣòro kan tí n kò rí ẹni tó ti sọ ọ́ rí. Ó dára ní orúkọ: ìṣẹ́jú ni ṣíṣẹ́ ojú ènìyàn, ìṣẹ́jú àáyá sì ni ti ọ̀bọ, tí wọ́n ní ojú rẹ̀ ń yára ṣẹ́ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ojú fóònù tóóró. Bí àyè kò bá tó, ẹ̀rọ á gé gbólóhùn náà, «ìṣẹ́jú àáyá» á di «ìṣẹ́jú» pẹ̀lú àmì tó-tó-tó lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù kò jẹ́ àṣìkọ, ó jẹ́ òṣùwọ̀n mìíràn tó fi ọgọ́ta ìgbà tóbi ju èyí tí a fẹ́ sọ. Mo ti rí àkójọ kóòdù kan, Moment ni orúkọ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ń lò láti kọ àkókò ní oríṣiríṣi èdè. Wọ́n fi «àáyá» nìkan sí iwájú nọ́mbà ìṣẹ́jú àáyá. Ní tèmi o, ọgbọ́n gidi ni. Ibi tí àyè bá ti há, kí a kọ «àáyá 45», kí ìṣẹ́jú dúró fún ìṣẹ́jú nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá jinlẹ̀ jù ni kíka ọjọ́, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí àwọn àgbà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí bá wa dá sí i. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni a óò sọ ọ́ lórúkọ, a óò sì ní ọjọ́ mẹ́jọ pé. Fídáù ọjọ́ mẹ́jọ náà, bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Lójú kọ̀ǹpútà, 604,800 ni, ọjọ́ méje. Àwa méjèèjì ló tọ̀nà: ẹ̀rọ ń ka àlàfo tó wà láàárín ọjọ́ méjì, Yorùbá ń ka àwọn ọjọ́ fúnra wọn. Ọjà tí a ń pè ní ọrún, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún lójú tiwa, lẹ́yìn 345,600 ìṣẹ́jú àáyá ló ń padà wá, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin lójú ẹ̀rọ. Ìtàdógún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń ṣe ìpàdé, orúkọ rẹ̀ ń sọ mẹ́tàdínlógún, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, 1,382,400 ìṣẹ́jú àáyá, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹnìkan tí mo mọ̀ kọ áàpù ìránnilétí fún àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni, ó fi 86,400 pọ̀ ọ́n ní ọ̀nà mẹ́tàdínlógún, ó sì gbé e síta. Ìpàdé kejì sún sí ọjọ́ kejì ọjọ́ tó yẹ, ẹ̀kẹta tún sún, títí àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ fi ní kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ iṣẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ti kọjá tún le ju èyí lọ. Ká ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́rú ni, mo ń wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ajé. Wákàtí méjìlélọ́gbọ̀n ló wà láàárín wọn, 115,200. Ẹ̀rọ á fi 86,400 pín in, á rí ọ̀kan, á kọ «ọjọ́ 1 sẹ́yìn». Yorùbá á ní ìjẹta. Ìjẹta kì í ṣe iye ìṣẹ́jú àáyá kankan, orúkọ ọjọ́ kan ni nínú kàlẹ́ńdà: òní ni èkíní, àná ni èkejì, ìjẹta ni ẹ̀kẹta. Ìjẹrin tẹ̀lé e, bí ìdúnta náà ṣe tẹ̀lé èṣí. Bí a bá fẹ́ kí fóònù máa sọ ìjẹta, tí mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, kóòdù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi kàlẹ́ńdà pé ọjọ́ wo la wà níbí yìí, kí ó fi ọjọ́ yọ ọjọ́, kí ó má ṣe fi ìṣẹ́jú àáyá yọ ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn tó ṣe èdè kóòdù Java mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni: láti ọdún 2014 ni wọ́n ti ya Duration, tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, sọ́tọ̀ kúrò lára Period, tó ń ka ọjọ́, oṣù àti ọdún. Oṣù ní 28, tàbí 29, tàbí 30, tàbí 31, kò sí nọ́mbà kan tí a lè fi pín in kó tẹ́ni lọ́rùn. Ọjọ́ pàápàá kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ 86,400. Nàìjíríà kì í sún aago síwájú tàbí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kan lọ́dọọdún tó jẹ́ wákàtí mẹ́tàlélógún, àti òmíràn tó jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ó ku ọ̀nà kejì, ìyẹn ni kí ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ kí ẹ̀rọ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní àdéhùn kan láàárín ara wọn, ISO 8601 ni nọ́mbà rẹ̀, níbi tí PT1M ti jẹ́ ìṣẹ́jú kan, tí P1M sì jẹ́ oṣù kan. Ẹni tó bá gbàgbé T kan ṣoṣo ti sọ 60 di odidi oṣù. Kí ẹ̀rọ máa bá ẹ̀rọ sọ ìyẹn. Ìyá mi yóò tẹ «wakati kan abo», láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ gbà á. Lẹ́tà wa bíi ẹ́ àti ọ̀ tún ṣeé tẹ̀ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ nínú kọ̀ǹpútà, tí ojú á rí i bákan náà, tí ẹ̀rọ á sì ní wọn kò jọra, nítorí náà kí kóòdù kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di ìrísí kan kí ó tó wò wọ́n. Kò yẹ kí àìsí àmì bà wá lẹ́rù púpọ̀. Ogun lè jẹ́ ìjà, ó lè jẹ́ oògùn inú bébà lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú, ṣùgbọ́n «ogun iseju» kò lè jẹ́ ohun mìíràn ju 1,200 lọ. «Ogbon iseju» náà kì í ṣe ọgbọ́n orí. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́mbà ń là á fún wa.

Kí n má gbàgbé àwọn ará wa ní Kétu, Pọ̀bẹ̀ àti Sakété. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ìshɛ́jú ni wọ́n ń kọ, ɔjɔ́ ni wọ́n ń kọ, Unicode Consortium sì ti ya àkójọ tiwọn sọ́tọ̀ kúrò lára tiwa. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù tí yóò gba ọ̀rọ̀ Yorùbá wọlé kò gbọdọ̀ kọ ìshɛ́jú sílẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe èdè kan náà.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Láti ọdún 1974 ni a ti ní àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń kọ àáyá, ààyá, aaya, bí ẹnìkan ṣe ń kọ ààbọ̀ tí ẹlòmíràn ń kọ àbọ̀, tí àkójọ kan ń kọ ìsẹ́jú láìfi àmì sí ìsàlẹ̀ s. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí àwọn olùkọ́ inú Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá, àti ẹnikẹ́ni tó bá ní ìmọ̀ rẹ̀, sọ èyí tí ó yẹ kí a dúró lé. Ṣé «àáyá» nìkan tó láti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá? Bí fóònù bá ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ sílẹ̀, ṣé kí ó sọ pé ó ku ọjọ́ méje, tàbí kí ó sọ pé òní ọjọ́ mẹ́jọ ni? Mo ní èrò tèmi, òní ọjọ́ mẹ́jọ ni n bá kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn yóò máa rí lójú fóònù kọjá èrò ẹnìkan. Ohunkóhun tí ẹ bá rí gbà, èmi yóò kọ ọ́ ní kóòdù, n óò sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó nínú iṣẹ́ tirẹ̀.

Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni áàpù orúnkún náà pé kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ «Sinmi fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀». Títí wọn yóò fi ṣe é, mo ti fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí kan, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí ìyá mi ń gbé ẹsẹ̀ lé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé kóòdù kan, Ìbàdàn